Ẹ bi Nọ́ọ̀sì: Mo ń ṣe ẹ́sásáìsì, kí ló dé tí mo tún ń wúwo sí i?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà pọ̀ gan-an lọ́tẹ̀ yìí, mẹ́ta ni mo mú nínú wọn torí ọ̀rọ̀ síkéèlì ni gbogbo wọn ń sọ, àmọ́ ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ jókòó tì dáadáa, bí obìnrin yẹn ṣe kọ ọ́ wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣómólú ni mò ń gbé, léèsì ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Ẹni ọdún 39 ni mí, mo bímọ mẹ́ta. Nígbà tí mo lọ sí ọsibítù ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti fẹ́ máa yọjú, ó ní 138 lórí 88, pé kò tíì tó oògùn àmọ́ kí n dín iyọ̀ kù kí n sì máa ṣe ẹ́sásáìsì. Bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan ládùúgbò nìyẹn. Mọ́ńdè, Wẹ́sìdè, Fúráídè, aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí a ti wà níbẹ̀, kóòṣì á ní ká gbé irin, ká bẹ̀rẹ̀ ká dìde, ká fo okùn, tó bá di Sátidé a tún máa lọ sí kíp-fíìtì ní Stadium ní Sùúrùlérè. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, kílò 84 ni mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta mo lọ gun síkéèlì ní ilé oògùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, 86 lé díẹ̀! Mo sọ̀ kalẹ̀ mo tún gùn ún, nkan kan náà. Mà, ẹkún ni mo sun wọ dánfó lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ mi ní ṣé owó sísanra la wá ń san ni, ìyá ọkọ mi ní ara mi ò gba ẹ́sásáìsì kí n fi sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi míì ní kí n máa mu tíì kan tó ń fọ inú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé aṣọ ò fún mi o, kódà síkẹ́ẹ̀tì kan tí mo ti pa tì ti tún wọ̀ mí. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? — Oníléèsì, Ṣómólú*

Oníléèsì mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò ṣe nkan kan tí ò dáa. Kí n tó sọ nkan míì rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi jíìmù yẹn sílẹ̀. Mo ti rí àwọn obìnrin tó pọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìgbà tí nkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáa fún wọn gan-an, síkéèlì ló lé wọn jáde, ó sì máa ń dùn mí títí di òní.

Omi ló pọ̀ jù nínú kílò méjì yẹn. Ẹ rántí ọjọ́ kejì tí ẹ kọ́kọ́ gbé irin, ó dá mi lójú pé ẹ di ògiri mú kí ẹ tó lè jókòó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, apá ò sì ṣeé gbé sókè láti wé gèlè. Ìrora yẹn máa ń le jù láàrín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ẹ́sásáìsì. Ohun tó ń fà á ni pé iṣan tí ò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí máa ń ya wẹ́wẹ́ nínú, yíya tí ojú lásán ò lè rí, ara á wá da omi àti ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ láti tún un ṣe. Ṣé ẹ mọ̀ bí ọmọ odó bá gbá ìka èèyàn, ìka á wú? Nkan kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé itan, ìdí, ẹ̀yìn àti apá ló jọ wú díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò sì lè fojú rí i. Omi sì ní ìwọ̀n. Omi líta kan, kílò kan ni. Píọ̀ wọ́tà kan tó jẹ́ 50cl, ìdajì kílò ni. Kílò méjì tó pa yín lẹ́kún yẹn, píọ̀ wọ́tà mẹ́rin ni.

Ibòmíì tún wà tí omi ń gbà wọlé. Ẹ̀bà, ìrẹsì, iṣu tí à ń jẹ, ara máa ń sọ díẹ̀ nínú ẹ̀ di oúnjẹ ìpamọ́ sínú iṣan, glycogen ni àwọn dókítà ń pè é, iṣan àgbàlagbà sì lè tọ́jú tó gíráàmù 400 sí 500 nínú ẹ̀. Tí iṣan bá ti rí i pé iṣẹ́ pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú jù ú lọ, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń kó léèsì kún ṣọ́ọ̀bù dé òrùlé kí Iléyá tó dé tàbí kí òde oṣù Kejìlá tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ glycogen kì í dá wọlé, gíráàmù kan nínú ẹ̀ máa ń mú omi bíi gíráàmù mẹ́ta dání. Ká ní iṣan yín fi gíráàmù 150 kún ti tẹ́lẹ̀, omi tó bá a wọlé á tó 450, ẹ ro ó pọ̀, ó ti di 600, ó ti ju píọ̀ wọ́tà kan lọ nìyẹn, kò sì sí ọ̀rá kankan níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pàápàá, omi inú ẹ̀ máa ń pọ̀ sí i láàrín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ ẹ́sásáìsì, kó lè ráyè gbé atẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ iṣan kó sì lé ooru jáde lára.

Ó ṣeé ṣe kí kóòṣì ti sọ fún yín pé iṣan ló di kílò méjì yẹn, pé iṣan wúwo ju ọ̀rá lọ. Ó ń tù yín nínú ni, inú rere ló sì fi ṣe é, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kílò ọ̀rá kan àti kílò iṣan kan, kílò kan náà ni, iṣan kàn ki ju ọ̀rá lọ ni kò fi gba àyè tó o. Fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iṣan ò lè fi kílò méjì yọ láàrín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù gbọọrọ ló máa ń gbà. Síkẹ́ẹ̀tì yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́. Ó jọ pé ọ̀rá ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ níbi ìbàdí, omi tó wọlé ló bò ó mọ́lẹ̀ tí síkéèlì ò fi rí i.

Ṣé ó wá lè jẹ́ ọ̀rá ni? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, oníṣòwò ni yín. Kí èèyàn tó fi kílò ọ̀rá kan kún ara, ó gbọ́dọ̀ ti jẹ bíi kálórì 7,700 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ) ju èyí tí ara ń ná lọ. Kílò méjì, 15,400. Ẹ pín in sí ọjọ́ 21, ó lé ní 730 lójúmọ́, lójoojúmọ́, láì fo ọjọ́ kan. Mi ò ní tàn yín, ó ṣeé ṣe, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bi yín ní ohun tí ẹ ò kọ sínú lẹ́tà: kí lẹ máa ń jẹ tí ẹ bá jáde ní jíìmù?

Mo mọ ìdájí Ṣómólú dáadáa. Aago mẹ́fà àbọ̀ ẹ ti ń jáde bọ̀, ebi ń pa yín bí ẹni tó ti oko dé, ẹlẹ́wà agọ̀nyìn ti gbé ìkòkò kalẹ̀, búrẹ́dì Agége ń gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọkàn yín á sì máa sọ pé ṣebí mo ti ṣiṣẹ́ fún un. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù èrè wọn. Ẹni tó bá wọn kílò 84 tó fi ìdajì wákàtí rìn kíákíá, bíi kálórì 150 sí 180 ló ná. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó kún fún epo, 120 ló wà nínú ẹ̀, ẹ sì wo bí epo ṣe ń léfòó lórí ata agọ̀nyìn yẹn. Búrẹ́dì gíráàmù 100, bíi 260. Mọ́ltì ìgò kan tó ní ṣúgà, láàrín 150 sí 200, ìyẹn ni pé mọ́ltì kan ṣoṣo ti gba gbogbo ìrìn yẹn lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì tíì jẹun. Mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ̀wà o, ẹ̀wà dáa, ẹ̀wà ń dúró nínú, ó ní purotéènì tí iṣan tó ń tún ara ẹ̀ ṣe nílò. Ẹ ní kó bu ẹ̀wà kún un kó sì dín ata elépo yẹn kù, ẹ fi ẹyin bíbọ̀ kan sí i, ẹ dín búrẹ́dì kù sí ìdajì, omi ni kí ẹ mu. Ohun tí ẹ bá ń jẹ ní alẹ́ tí ẹ bá dé láti Ìdúmọ̀tà náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, títí kan ẹ̀pà àti ṣínṣín tí ẹ ń jẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ẹ bá kà á padà ẹ ó rí i fúnra yín.

Jíjókòó náà wà níbẹ̀. Tí èèyàn bá ti ṣe wákàtí kan ní ìdájí, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, á wá jókòó gbọn-in ní gbogbo ọjọ́ tó kù, á rán ọmọọṣẹ́ lọ ra gbogbo nkan, á wọ kẹ̀kẹ́ níbi tó ti máa ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara á rọra gba ohun tó ná ní jíìmù padà. Tí dánfó yín bá gba Third Mainland, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní CMS kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọ Ìdúmọ̀tà, ní ìdájí tí oòrùn ò tíì le. Oorun náà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ tó sì ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nítorí go-slow, tí kò bá tètè sùn, ebi ọjọ́ kejì á jù ú lọ.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WHO ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, kò kún ṣíbí tíì kan nìyẹn, máàgì, núdùùsù, súyà, gbogbo ẹ̀ wà nínú ìṣirò. Iyọ̀ máa ń di omi mú nínú ara, tí ẹ bá jẹ súyà ní alẹ́ Sátidé lẹ́yìn kíp-fíìtì, síkéèlì Sọ́ńdè á lọ sókè dandan. Ti nkan oṣù náà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń fi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ wúwo ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó dé, tó bá ti dé á sọ̀ padà. Mo fẹ́ kí ẹ wò ó bóyá ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn bọ́ sí àsìkò yẹn.

Síkéèlì ilé oògùn yẹn, ẹ yé gùn ún. Ọ̀sán ni, ẹ ti jẹun, ẹ ti mu omi, aṣọ wà lọ́rùn yín, síkéèlì ọjọ́ àkọ́kọ́ sì lè má jẹ́ òun. Láàrín àárọ̀ sí alẹ́ nìkan, ìwọ̀n èèyàn lè yí padà tó kílò kan sí méjì. Ẹ ra èyí tí ẹ máa gbé sílé, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó le, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ní ìdájí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀ kí ẹ tó mu nkan kan. Èyí tó dáa jù lọ tiẹ̀ ni téèpù télọ̀, ọjà yín ni, ẹ ò ní fi owó wá a. Ẹ fi yí ikùn ká lókè egungun ìbàdí díẹ̀, ẹ má fún inú pọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Fún obìnrin, tó bá ti ju ínǹṣì 31 àbọ̀ lọ, ìyẹn 80 cm, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ń pọ̀ sí i, tó bá ti ju 35 lọ ó ti pọ̀ gan-an. Tí téèpù bá ń wálẹ̀, ẹ má da síkéèlì lóhùn. Omi inú iṣan yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàrín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ara bá ti mọ iṣẹ́ náà lára, nígbà tó bá fi máa di bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó yẹ kí àwòrán náà ti mọ́. Tí téèpù àti síkéèlì bá jọ ń lọ sókè títí ìgbà yẹn, oúnjẹ la máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà dókítà.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù rèé, Oníléèsì mi. Dókítà ò rán yín lọ sí jíìmù nítorí síkéèlì, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ló rán yín. Ẹ́sásáìsì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ bí ìwọ̀n ò tiẹ̀ kúrò lójú kan. Ẹ ti lọ wọn ti ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀? Ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, tó bá ti kúrò ní 138 tó bọ́ sí 130 tàbí nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ lọ fi han ọkọ yín àti ìyá ọkọ yín, ohun tí owó yín ń rà nìyẹn. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn náà, tí ẹ bá ń gbé irin ẹ má di èémí mú, ẹ máa tú u jáde bí ẹ bá ń gbé e sókè, ẹ sì sọ fún kóòṣì yín ohun tí dókítà wí.

Tíì yẹn, rárá o. Ewé senna ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀, inú ló ń ṣú, omi àti ìgbẹ́ ló ń lé jáde, ọ̀rá ò mọ̀ pé ẹ mu nkan kan. Ó tún máa ń lé potassium jáde lára, ohun tí ọkàn fi ń lù déédé, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń wò lójú kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn ṣeré.

Àwọn nkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín kí n tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó dá kòtò, bí ojú bá ń wú ní àárọ̀, bí èémí ò bá tó tí ẹ bá dùbúlẹ̀, tàbí tí kílò méjì bá wọlé láàrín ọjọ́ méjì mẹ́ta péré, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíìmù, ọkàn tàbí kíndìnrín lè wà níbẹ̀, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ṣe ẹ́sásáìsì tó pọ̀ jù tí ìtọ̀ wá dúdú bíi kóòkì, tí iṣan ń dùn yín kọjá bó ṣe yẹ, ẹ má sùn mọ́jú, iṣan tó bàjẹ́ ń ṣàn lọ dí kíndìnrín ni. Tí nkan oṣù ò bá sì wá, ẹ yẹ oyún wò kí ẹ tó dá iṣan lẹ́bi.

*Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Bàrígà ni mo wà, ọmọ ọdún 24. Mo máa ń wọ nylon sábẹ́ suẹ́tà sáré láti ilé dé géètì Unilag ní Akókà. Kí n tó lọ kílò 78, tí mo bá dé 76 àbọ̀, àmọ́ tó bá di alẹ́ ó ti padà sí 78. Bọ̀ọ̀dá kan ní jíìmù wá ní kí n máa lo páúdà creatine, ọ̀sẹ̀ kan péré mo ti di 79 àbọ̀! Ṣé páúdà yẹn ń sọ mí di ọlọ́ràá ni, ṣé ó ń ba kíndìnrín jẹ́? — Ọmọ Bàrígà*

Àbúrò mi, bọ́ nylon yẹn lónìí. Kílò kan àbọ̀ tó lọ yẹn, òógùn ni gbogbo ẹ̀, píọ̀ wọ́tà mẹ́ta, bí o bá ti mu omi ó gbọ́dọ̀ padà, tí kò bá padà ni ká bẹ̀rù. Òógùn tó bá gbẹ lára ló ń tu ara, kì í ṣe òógùn tó ń kán sílẹ̀. Èkó tiwa yìí, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, òógùn kì í tètè gbẹ, ìwọ tún wá fi nylon dí ara pa, ooru ò rọ́nà jáde mọ́. Èèyàn lè ṣubú lójú títì báyìí, orí á fọ́ ọ, á máa sọ ìsọkúsọ, ara á gbóná janjan, ó sì lè pa á. Singilẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́ ni kí o wọ̀, kí omi wà lọ́wọ́ ẹ.

Creatine, omi ló ń fà sínú iṣan. Kílò kan sí méjì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tó máa ń ṣe nìyẹn, pàápàá tí wọ́n bá ní kí o kọ́kọ́ máa lo gíráàmù 20 lójúmọ́. Kò pọn dandan bẹ́ẹ̀, gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ tó, á kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó kún inú iṣan. Kíndìnrín tó dáa, kò bà á jẹ́ ní ìwọ̀n yẹn. Àmọ́ tí o bá ní àìsàn kíndìnrín, tàbí o ò mọ̀ bóyá o ní in, lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì kí o tó fẹnu kàn án, kí o sì sọ fún dókítà pé ò ń lò ó torí ó lè mú kí èsì tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ jọ pé kíndìnrín ní wàhálà nígbà tí kò ní. Ibi tí o ti ń rà á náà, wo ike ẹ̀ dáadáa kí o wá nọ́ńbà NAFDAC, má ra páúdà tí wọ́n bù sínú ọ̀rá fún ẹ.

*Ẹ kú ojúmọ́ mà. Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, ẹni ọdún 31, ọmọ méjì. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń rìn lárààárọ̀ láti ilé dé Oníkan padà, oúnjẹ mi ò yí padà púpọ̀, àmọ́ ebi máa ń pa mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kílò 63 ni mo wà, mo ti di 67, aṣọ sì ń fún mi níbi ikùn. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fètò sọ́mọ bíbí tó jẹ́ olóṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbà á, ẹ̀kẹta ti tó gbà. Ọ̀rẹ́ mi ní omi inú iṣan ni. Ṣé lóòótọ́? — Ìyá Àbíkẹ́, Ìta Fájì*

Ìyá Àbíkẹ́, rárá, mi ò rò pé omi ni. Omi iṣan kì í pẹ́ tó oṣù mẹ́rin, rírìn kì í sì í ya iṣan bí irin gbígbé. Aṣọ tún ń fún yín níbi ikùn, ìyẹn yàtọ̀ sí ti Oníléèsì pátápátá. Abẹ́rẹ́ yẹn ni ojú mi wà lára ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń mú sanra o, ọ̀pọ̀ ló ń gbà á tí nkan kan ò ṣe, àmọ́ ó máa ń ṣí ikùn àwọn kan, wọ́n á máa jẹun sí i láì fura, wọ́n sì lè fi kílò méjì sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ sanra lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn tó bá ti sanra ju ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n wọn láàrín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ṣeé ṣe jù kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Kílò mẹ́rin lórí 63, ó ti lé ní 6 nínú 100.

Ẹ má kàn fi abẹ́rẹ́ tó ti tó gbà yẹn sílẹ̀ kí ẹ wà bẹ́ẹ̀, oyún ò ní dúró de ìpinnu. Ẹ lọ sí kílíníìkì tí ẹ ti gbà á kí ọjọ́ tó kọjá, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tí ẹ sọ fún mi yìí gẹ́lẹ́, ẹ bèèrè èyí tí ò ní hòmóònù nínú. Kọ́pà-T wà, wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, ó lè ṣiṣẹ́ tó ọdún 10, tí ẹ bá sì fẹ́ bímọ wọ́n á yọ ọ́. Ó lè mú kí nkan oṣù pọ̀ sí i kó sì dùn díẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ àkọ́kọ́, tí nkan oṣù yín bá ti máa ń pọ̀ tẹ́lẹ̀ ẹ sọ ìyẹn náà. Kọ́ńdọ̀mù wà bí ẹ bá ṣì fẹ́ ronú. Tí òtútù bá tún ń mú yín nígbà tí ara ń gbóná fún ẹlòmíì, tí ó ń rẹ̀ yín láìnídìí, tí ìgbẹ́ sì le, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ yẹ thyroid wò, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà ní ọrùn.

Rírìn dé Oníkan yẹn, ẹ má dá a dúró o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni kò jẹ́ kó pọ̀ ju kílò mẹ́rin lọ. Tí ẹ bá sì ń lọ sí kílíníìkì, ẹ mú káàdì fètò yín dání, ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó gbẹ̀yìn wà nínú ẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.